Bárò, ọmọlanke tàbí ológeere: èwo ló yẹ kí ọdẹ fi kó ẹrù wọ igbó?

Ibi tí ọlọ́kadà bá ti ní òun ò lọ mọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìdájí, ẹ ti gba ọ̀nà Ìkòyí, ẹ ti yà sí abúlé kan, ọlọ́kadà ti já yín sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ó ti gbowó rẹ̀, ó ti yí orí ọ̀kadà padà. Ẹrù wà nílẹ̀: àwọ̀n ọ̀yà méjì, kẹ́ẹ̀gì omi kan, ìkòkò, gàrí, tapólíìnì, aṣọ ìbora, àdá mẹ́ta, ìbọn méjì, àti ajá tó ń wò yín lójú. Ibi tí ẹ máa pàgọ́ sí ṣì ku nǹkan bíi kìlómítà 4. Kẹ́ẹ̀gì omi yẹn nìkan, lítà 25 ló gbà, kílò 25 ni omi inú rẹ̀. Ta ló máa rù ú?

Láyé àtijọ́, ẹnikẹ́ni kì í béèrè. Orí ni. Ìlú tí ọdẹ tẹ̀dó ni Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì tíì gbọ́ ìtàn kankan tó sọ pé Ògúnlọlá, ọdẹ tó jẹ́ Ṣọ̀ún àkọ́kọ́, ti kẹ̀kẹ́ dé ìdí igi Ajagbọn tó tẹ̀dó sí. Ọmọ, àbúrò àti ọmọ iṣẹ́ ló ń ru ẹrù tẹ̀lé ọdẹ nígbà náà. Lónìí, ọmọ wà ní yunifásítì LAUTECH, àbúrò wà l'Ékòó, ọmọ iṣẹ́ sì ti ra ọ̀kadà tirẹ̀. Àwa tó kù, orúnkún wa ti ń sọ̀rọ̀.

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Kánádà ló jẹ́ kí n jókòó ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń fa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan wọ oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè, kẹ̀kẹ́ náà sì kún bámú fún ẹyẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti ń padà bọ̀ ni. Àṣé ẹyẹ ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀, ike tí wọ́n fi ṣe bíi pẹ́pẹ́yẹ ńlá ọlọ́rùn gígùn tí wọ́n ń pa lọ́hùn-ún. Ẹyẹ náà kì í dá rìn. Bó bá ń fò lókè tó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹun nílẹ̀, òun náà á balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ ibẹ̀ fi ń to ẹyẹ ike sínú oko, mẹ́wàá kò tó, ogún kò tó, ẹlòmíràn ń to ọgọ́rùn-ún. Olóko kì í sì í fẹ́ kí ọkọ̀ wọ oko òun nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, torí táyà á tẹ ilẹ̀ di kòtò. Kẹ̀kẹ́ ló kù. Àbúrò mi wá béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀yin fi ń kó tiyín?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún fídíò náà wò, mo rí ohun kan tí ẹni tó bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹrù tiwọn tóbi, kò wúwo. Ike tó ṣófo nínú ni. Kẹ̀kẹ́ wọn fúyẹ́, ara rẹ̀ ga bí agọ̀ adìyẹ kí ẹyẹ má baà jábọ́. Ẹrù tiwa kéré lójú, ó wúwo bí òkúta: omi, àwọ̀n, irin, ìkòkò. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì omi méjì sórí kẹ̀kẹ́ agọ̀ adìyẹ yẹn, kó tó dé ìdí igi kajú àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti yà sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí lókè òkun tó fẹ́ rán irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ wálé, kó ní kó mú táyà rẹ̀ nìkan wá. A ní wẹ́dà níbí.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo ẹrù kí wọ́n tó yan kẹ̀kẹ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ná mi lówó. Ọ̀nà ló yẹ kẹ́ ẹ wò, ibi tó fún jù lójú ọ̀nà pàápàá. Bí ọ̀nà kìlómítà 4 bá gbòòrò tó títì, tí ibì kan ṣoṣo sì wà níbẹ̀ tí igi méjì fún kẹ̀kẹ́ pa, ibi kan ṣoṣo yẹn ni ọ̀nà yín.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rọrùn. Mo ge igi kan tó gùn tó ìbú kẹ̀kẹ́ tí mo fẹ́ ṣe, mo dì í mú níbùú níwájú orúnkún, mo sì rin ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ẹni ń gbé àwo lọ fún àlejò. Ibi tí igi bá ti kọ́ nǹkan, mo dúró, mo wò ó: ṣé àdá lè là á? Bó bá jẹ́ koríko tàbí ẹ̀ka, kò burú. Bó bá jẹ́ àpáta tàbí ebè iṣu olóko, kẹ̀kẹ́ yẹn ò gba ibẹ̀ nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ wá òmíràn. Àwọn tó rí mi níjọ́ àkọ́kọ́ ní abúlé rò pé mo ń wọn ilẹ̀ fún ìjọba. Bàbá kan tiẹ̀ tẹ̀lé mi dé ìdí odò láti béèrè bóyá títì ń bọ̀.

Orí ṣì wà níbẹ̀

Ká má fi kẹ̀kẹ́ tan ara wa. Bí ẹrù bá kéré tó pé èèyàn méjì lè pín in rù, tí ọ̀nà ò sì ju kìlómítà 2 lọ, ẹ gbé e ka orí. Orí kò nílò fọganáísà. Ó ń gun òkè, ó ń gba inú odò kọjá, ó ń bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ igi.

Àléébù rẹ̀ ni pé ọdẹ tó ru ẹrù kì í ṣe ọdẹ mọ́, alárù ni. Àparò á fò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, o ò ní lè yí ọrùn wò ó. Mo ti ru àwọ̀n rí tí ìgalà kan dúró níwájú mi bí ẹni ń dúró de ọkọ̀, tí mo sì ń ronú pé bí mo bá sọ àwọ̀n sílẹ̀, ó máa gbọ́. Bí mi ò bá sọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi ò ní dé ara ìbọn. Ìgalà náà rí i pé mi ò níṣẹ́ kankan, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bárò àti ọmọlanke

Àwọn méjèèjì yìí ni ìjà wà láàárín wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi wọ́n síwájú ara wọn.

Bárò ní táyà kan. Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn bá gbà, táyà rẹ̀ á gbà, ìyẹn bí àwo rẹ̀ ò bá kọ́ igi. Ó dára jù nínú oko. Ẹni tó bá ti rin oko iṣu lágbègbè Ìrẹsà-Adú tàbí Àjàáwà mọ bí ebè ibẹ̀ ṣe máa ń ga. Bárò á gba inú poro kọjá bí ẹni tó mọ̀nà ilé. Ọmọlanke ò lè gba ibẹ̀. Bí táyà kan bá wà ní poro, èkejì á gun orí ebè, ẹrù á dànù, olóko á sì bá yín fa wàhálà.

Ṣùgbọ́n bárò kì í gbé gbogbo ẹrù fún yín. Táyà gbé ìdá kan, apá yín gbé ìyókù. Bí ẹrù bá ṣe sún mọ́ táyà tó ni yóò ṣe fúyẹ́ lọ́wọ́ tó. Ohun tí mo ń rí nìyí: èèyàn á to aṣọ ìbora àti gàrí síwájú, á wá gbé kẹ́ẹ̀gì omi sẹ́yìn nítòsí ọwọ́ ara rẹ̀ torí ibẹ̀ ló rọrùn láti gbé e sí. Kó tó rin ìdajì kìlómítà, ọrùn ọwọ́ ti ń dùn ún, ó ní bárò ò dáa. Ẹ ti omi síwájú títí yóò fi kan ojú àwo lókè táyà, ẹ to àwọ̀n tẹ̀lé e, kí ohun fúyẹ́ wà lẹ́yìn. Bárò kan náà ni, ẹ máa rò pé ẹ ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọmọlanke ní táyà méjì, bẹ́ẹ̀ ni irin àárín wọn ló ń gbé ẹrù. Bẹ́ ẹ bá tò ó dáadáa, ọwọ́ yín ò gbé nǹkan kan, ẹ kàn ń fà á ni. Ẹ kó ohun tó wúwo sórí irin àárín yẹn gan-an, kó fì díẹ̀ síwájú kí ọwọ́ fífà lè wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́ sí ọwọ́ yín. Bó bá fì sẹ́yìn, òun ló máa gbé yín sókè, ẹ̀rín ni fún ẹni tó ń wòran. Ní ìdàgẹ̀rẹ́, ẹ so okùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹnì kan máa dì í mú, torí kẹ̀kẹ́ tó rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ kò mọ ọ̀gá.

Lójú ọ̀nà màlúù tí àwọn darandaran ti là, tàbí láàárín oko kajú tí wọ́n gbìn ní ìlà, kò sí ohun tó tó ọmọlanke. Ẹrù tí bárò máa lọ kó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun á kó o lẹ́ẹ̀kan, èèyàn méjì á sì máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fà á. Lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, bárò á ṣubú, ọmọlanke á dúró. Nínú yanrìn ìsàlẹ̀ odò tó gbẹ, àwọn méjèèjì máa ń rì. Ti bárò ló burú jù nígbà tẹ́ ẹ bá ń tì í, torí títì ń tẹ táyà mọ́lẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, kẹ́ ẹ máa fà á. Ó máa jáde.

Bèbè odò tó ga ni ọmọlanke ti máa ń dójú ti olówó rẹ̀. Èèyàn méjì lè gbé bárò pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀ sọdá. Ọmọlanke, ẹ máa sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e, ẹ padà wá kó ẹrù. Bí ọ̀nà yín bá ní irú odò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta, gbogbo àǹfààní rẹ̀ ti tán níbẹ̀.

Ẹ má sì lọ ra irú ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó àpò àgbàdo ní Sábó. Ẹrù ọjà lórí ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún. Òfìfo rẹ̀ nìkan ti tó ẹrù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tèmi

Wẹ́dà kan ló bá mi ṣe ọmọlanke mi àkọ́kọ́. Táyà ọ̀kadà àlòkù méjì, irin igun fún pèpéle rẹ̀, píìpù fún àárín. Mo ní kó fi sẹ̀ǹtímítà 90 ṣe ìbú rẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Ó jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi méjì lójú ọ̀nà wa ò gbà á, a sì dá a padà láti gé e sí 65. Ibi tó ti gé píìpù náà tó tún un jó pọ̀, ìta nìkan ló jó. Kò fi irin sínú rẹ̀.

Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ mú débi pé ètè gbogbo wa là. A ti dẹ̀gbẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, a sì rí ṣe: ọ̀yà mẹ́ta, awó márùn-ún. Ọ̀yà àgbà lè wọn kílò 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ mọ́ àwọ̀n àti ìkòkò. Alẹ́ ti lẹ́. A sọ̀ kalẹ̀ sínú odò gbígbẹ kan, táyà ọ̀tún kọ lu gbòǹgbò, mo sì gbọ́ "kàù". Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan yìnbọn ni. Píìpù ti já ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o, táyà náà sì dùbúlẹ̀ bí ajá tó rẹ̀.

Bàbá ọdẹ tó ṣáájú wa tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ bá ti gbé e ka orí, à bá ti délé." Kò tún sọ nǹkan mìíràn títí ilẹ̀ fi mọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. A gé ẹ̀ka igi ayin, igi tó le bí irin, a fi okùn àwọ̀n dè é mọ́ abẹ́ ibi tó já, kó máa fà nílẹ̀ dípò táyà. A wọ́ ọ dé abúlé bí ẹni ń wọ́ òkú màlúù. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nìkan jẹ. Lóru ọjọ́ yẹn mo ro ìṣẹ́, mo ro ìyà, mo sì ro owó wẹ́dà mọ́ ọn.

Ohun tí mo kọ́: irin àárín gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹyọ kan láti táyà dé táyà, ọ̀pá tó dì nínú, kó má ṣe píìpù. Bí wẹ́dà bá sọ pé òun lè jó méjì pọ̀ fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ológeere, èyí tẹ́nikẹ́ni kì í kà sí

Kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́, oníkẹ́rià ńlá lẹ́yìn, ni mo wá rí pé ó tọ́ sí ọdẹ tó bá ń dá lọ. Ẹ má gùn ún. Ẹ máa tì í. Ẹ so àpò méjì kọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kẹ́rià, ẹrù kan náà ní ọ̀tún àti òsì, kí wọ́n rọ̀ sílẹ̀ tó bí táyà bá ṣe gbà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n gbé gbogbo ẹrù jókòó sórí kẹ́rià; bó bá ti fì díẹ̀ báyìí, kò ní dúró mọ́. Bí ẹrù bá wà nísàlẹ̀, ọwọ́ kan lè darí rẹ̀, ọwọ́ kejì á wà fún ìbọn. Bárò kò fún yín ní àǹfààní yẹn, ọmọlanke náà kì í sábà fún yín.

Ó gba inú poro, ó gba àárín igi, lọ́jọ́ tí ìgbẹ́ bá sì fún yín ní ọwọ́ òfo, ẹ lè gùn ún padà wálé. Táyà rẹ̀ tín-ín-rín, yanrìn sì ń dà á láàmú. Kò sì lè dá dúró. Ẹ ge igi kan tí orí rẹ̀ yà sí méjì tẹ́ ẹ ó máa fi tì í ní ẹ̀gbẹ́, ẹ dè é mọ́ ara rẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn.

Ọ̀kadà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ lò ó dé abúlé tó kẹ́yìn. Ẹran tó bá wà níbi tí ọ̀kadà dé ti gbọ́ ọ kó tó dé.

Táyà àti ariwo

Táyà oníafẹ́fẹ́ ló rọ ẹrù lọ́rùn, ó sì ṣeé dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ yanrìn. Àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sun igbó, kùkùté koríko àti ti igi kékeré á dúró ní ìdúró ìṣó, á sì máa retí yín. Táyà rọ́bà tó dì nínú kò bẹ̀rù ìyẹn, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta tó bá tẹ̀ ni apá yín máa gbọ́. Tèmi, oníafẹ́fẹ́ ni, pẹ̀lú páàṣì, sọ́lúṣọ̀n àti pọ́ǹpù kékeré nínú àpò. Bí ọ̀nà yín bá jẹ́ kìkì igbó tí wọ́n sun, ẹ mú rọ́bà.

Ariwo ló ń pa iṣẹ́ ọdẹ ju táyà jíjò lọ. Kẹ̀kẹ́ tó ń han "fín-ìn, fín-ìn" á ti kéde yín fún awó kí ojú yín tó rí i. Ẹ fi gíríísì sí bẹ́árìn ní alẹ́ tó ṣáájú, kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ náà yí ilé ká pẹ̀lú ẹrù, torí ọ̀pọ̀ kì í han àfi tó bá rù. Ẹ fi aṣọ wé ìkòkò. Ẹ̀wọ̀n ajá, inú gàrí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí.

Ìbọn kì í gun kẹ̀kẹ́ bí ẹ̀tù bá wà nínú rẹ̀. Mi ò ní ṣàlàyé ìyẹn gùn. Kẹ̀kẹ́ ń mì, ohun tó bá mì lè fa ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan sì máa ń wà níwájú tó ń fa kẹ̀kẹ́. Ẹ gbé e kọ́ èjìká ní òfìfo, kí ẹ̀tù wà nínú ìgò tirẹ̀, jìnnà sí iná àti sí tábà.

Bí ọ̀nà yín bá kọjú sí apá Igbẹ́tì àti Kìṣí, ẹ ṣọ́ra kí kẹ̀kẹ́ má gbé yín wọ Old Oyo National Park. Ọdún 1991 ni ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀, ó gbòòrò tó kìlómítà níbùú lóròó 2,512, Ọ̀yọ́ ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni dọdẹ níbẹ̀, yálà ẹ̀ ń ti bárò tàbí ẹ̀ ń ru ẹrù.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Ẹni tó ń dá lọ tàbí tí wọ́n jẹ́ méjì, kó wá ológeere àlòkù. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ gba inú oko iṣu tàbí ẹ̀gẹ́, tí odò pọ̀ níbẹ̀, bárò ni, kó sì yan èyí tí táyà rẹ̀ tóbi. Àwọn bárò olówó pọ́ọ́kú tó ní táyà kékeré líle yẹn, simẹ́ǹtì ni kí wọ́n máa kó lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá pé mẹ́rin sókè, tẹ́ ẹ máa sun ìta, tí ọ̀nà màlúù sì dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ẹ ṣe ọmọlanke, ẹ má jẹ́ kó ju sẹ̀ǹtímítà 65 lọ, ẹ sì dúró ti wẹ́dà títí yóò fi ṣe tán. Bẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín bárò àti ọmọlanke, bárò. Ó kéré tán, obìnrin ilé á rí i lò.

Ọmọlanke tèmi tí mo tún ṣe, ìyàwó mi ti gbà á. Ẹ̀gẹ́ ló ń kó báyìí, bí mo bá sì fẹ́ lò ó, mo ní láti tọrọ rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ológeere ni mò ń tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Kánádà: àpò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ẹ̀gì kékeré nínú ọ̀kan, igi tí orí rẹ̀ yà sí méjì tì í, ajá sùn lábẹ́ rẹ̀. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ ẹ̀tàn dà?"